Téèpù Télọ̀ àti Táyà Mẹ́rin

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gá Rẹ́gí ti fi ń rán aṣọ, kò sì ṣi ènìyàn kankan wọ̀n rí. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ, a ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí oníbàárà bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó rí àga jókòó sí, yóò ti fi tó o létí. Rẹ́gí tí wọ́n ń pè é kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: ṣòkòtò yìí á ṣe rẹ́gí, kóòtù yẹn á ṣe rẹ́gí. Bí aṣọ kan ò bá wá ṣe rẹ́gí ńkọ́? A jẹ́ pé ara ẹni tó ni ín ló yí padà. "Ẹ ti sanra sí i," ni yóò wí, á sì na téèpù lọ́wọ́ bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn. Tàbí kó sún mọ́ oníbàárà, kó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ ti rù o. Ṣé kò sí nǹkan?" Ẹni tó bá ìbínú wá á wá di ẹni tí wọ́n ń káàánú, á sanwó àtúnṣe, á tún dúpẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn lórí èyí. Agbẹ̀bí ni. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi ìlérí lẹ́nu àwọn ọkọ tó ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìrọbí, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìfèsì. Ìbejì ni wọ́n bí, ọkùnrin méjì. Àwọn yẹn ti gbéyàwó, wọ́n ti kó lọ síbi tí iṣẹ́ gbé wọn lọ. Ilé wá ku Bàbá Ìbejì nínú ṣọ́ọ̀bù níwájú, Ìyá Ìbejì nínú yàrá lẹ́yìn, aṣọ ìkélé kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí lẹ́tà fi dé. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Ìbejì ti ń retí ipò ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí. Wọ́n fún un wàyí, àmọ́ ní ilé ìwòsàn kan tó wà ní ìlú mìíràn. Yàrá méjì wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, ibẹ̀ ni yóò máa sùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó mú dání: mọ́tò tirẹ̀, tí ara rẹ̀ dá ṣáká, nítorí abúlé káàkiri ni yóò ti máa lọ wo àwọn aboyún. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnì kan yóò yẹ mọ́tò náà wò láti orí dé ẹsẹ̀. Bí kò bá yege, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀ ni wọn yóò pè.

Mọ́tò wà. Ara rẹ̀ dá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í húkọ́. Ẹsẹ̀ ló bà á jẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pá kanlẹ̀. Orí Ọ̀gá Rẹ́gí ní irun jù wọ́n lọ, ẹni tó bá sì ti rí orí Ọ̀gá Rẹ́gí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Fi ti táyà sílẹ̀ fún mi," ni Rẹ́gí wí.

Ó tètè sọ ọ́, ó sì nídìí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ka lẹ́tà náà sí i létí, "A dúpẹ́" nìkan ló sọ, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé "a dúpẹ́" yẹn kéré. Ọkàn rẹ̀ ló bàjẹ́. Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, wọn kò pínyà ju ọjọ́ méjì lọ rí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú ẹ̀ fún obìnrin tó ti retí nǹkan fún ọdún mọ́kànlá? Ó wá rò ó pé bí òun bá ra táyà tó dáa, táyà yẹn á bá òun sọ ìyókù.

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ní tuntun lọ́jà. Nígbà tó dá iye, Rẹ́gí fọwọ́ di àyà mú. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa fóònù yọ, ó ń wá táyà kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín bọ́tìnnì kan sí èkejì, títí ó fi bá ilé ìtajà kan pàdé tó ń pariwo ẹ̀dínwó: ra mẹ́ta, gba ìkẹrin lọ́fẹ̀ẹ́, a ó gbé e wá bá yín nílé. Owó pọ́ọ́kú. Ohun tó kù kò ju kó yan ìwọ̀n lọ.

Ìyá Ìbejì ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ síbi iṣẹ́. "Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára táyà níbẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ kàn wò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mọ́tò, ó gbé awò ojú wọ̀, ó sì rí nọ́ńbà náà. Mẹ́tàlá ni wọ́n pe ihò àárín táyà, ìyẹn ibi tí irin ríìmù ń wọ̀. Ká ní ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ télọ̀ ni. Télọ̀ wo ló ń gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ sọ́rùn aṣọ gbọ́? Ó ti rí ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí lọ́rùn, tí ọ̀kan gba bàbá, tí èkejì kò gba ọmọ. Àwọn tó ń ṣe nǹkan ní fákítọ́rì kì í rí ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n nǹkan, kó wọ̀n ọ́n.

Ó bọ́ téèpù lọ́rùn. Ó fi orí téèpù kan etí ríìmù lápá kan, ó nà án gba àárín kọjá, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kejì. Íǹṣì mẹ́rìnlá. Ó tún un wọ̀n. Íǹṣì mẹ́rìnlá géérégé. Ó lọ sídìí táyà ẹ̀yìn, mẹ́rìnlá náà ni. Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ wo àwọn ènìyàn yìí, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi mẹ́tàlá wọn tan òun jẹ. Ó wọlé, ó yan mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n sì béèrè bí táyà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ó fi díẹ̀ lé e kó lè rí àyè mí, bó ṣe máa ń fi lé ìbàdí ṣòkòtò àwọn tó fẹ́ràn oúnjẹ. Ó sanwó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé.

Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé ọ̀hún ni táyà dé, dúdú, ó ń dán, ọ̀rá wé e lára. Rẹ́gí ń yí wọn kọjá títì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Fọkanáísà kò sọ pé kí ló dé tí wọn ò ra ti òun. Ó gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò, ó tú nọ́ọ̀tì, ó bọ́ táyà àtijọ́ kúrò lára ríìmù, ó gbé tuntun lé e. Táyà náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò tilẹ̀ fi irin tì í. Nígbà náà ni ojú fọkanáísà yí padà. Ó fọwọ́ ta táyà náà, táyà sì ń yí lọ́tọ̀, ríìmù dúró lọ́tọ̀, bí fìlà bàbá lórí ọmọ jòjòló.

"Ẹ̀gbọ́n, táyà mẹ́rìnlá lẹ rà. Mẹ́tàlá ni mọ́tò yìí ń wọ̀."

"Mẹ́rìnlá ni ríìmù yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Rẹ́gí fi téèpù ọrùn rẹ̀ hàn án. Fọkanáísà wo téèpù, ó wo Rẹ́gí, ó wo òkè. Ó wá ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé etí ríìmù tó yọ síta kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Inú lọ́hùn-ún tí ẹnu táyà ń jókòó sí ni, ibẹ̀ sì fi bí íǹṣì kan kéré sí etí. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún un.

Rẹ́gí gbé awò ojú wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ríìmù náà títí, ó tún fa téèpù lé e. Ohun tó ti ń sọ fún oníbàárà láti ọjọ́ yìí ló wá sí i lẹ́nu, kó tó ronú.

"Ríìmù yìí ti rù," ló wí.

"Irin kì í rù, ẹ̀gbọ́n."

"Kò rí bí mo ṣe bá a lọ́jọ́sí."

Fọkanáísà ò bá a jà. Ó dá táyà pípá padà sáyè rẹ̀, ó to tuntun mẹ́rin léra wọn, ó ní, "A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì." Rẹ́gí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó kọ̀wé sí ilé ìtajà náà lórí fóònù. Wọ́n béèrè ìdí tó fi fẹ́ dá ọjà padà, ìdí mẹ́ta ni wọ́n sì tò sílẹ̀ kó mú ọ̀kan: ọjà bàjẹ́, tàbí ọjà tí a kò rà ni wọ́n gbé wá, tàbí aṣìṣe oníbàárà. Ojú Rẹ́gí kò tilẹ̀ dúró lórí ẹ̀kẹta. Èkejì ló tẹ̀. Èsì dé kíá: wọn yóò rán olùyẹ̀wò wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n fi kún un pé bó bá jẹ́ aṣìṣe oníbàárà ni, kó pe àwọn, kó kó táyà wá sí ilé ìkẹ́rù àwọn, àwọn á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ń tilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ Ajé.

Ó kà á tán, ó dojú fóònù bolẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá Ìbejì béèrè nídìí oúnjẹ.

"Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn oníṣòwò ìsinsìnyí ò ṣeé fọkàn tán. Nǹkan mìíràn ni mo rà, nǹkan mìíràn ni wọ́n gbé wá."

"Ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mẹ́wàá." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì dìde. Ó kó àwo nílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó tò ó. Ariwo díẹ̀ tó yẹ kí àwo pa, kò pa á. Ìyẹn ló já ọkọ rẹ̀ láyà jù.

Nígbà tó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù ti kún. Tíṣà oníṣirò wá gba ṣòkòtò tí wọ́n bá a tún ṣe. Ìyá oníbúrẹ́dì náà wà níbẹ̀, ó fẹ́ tún síkẹ́ẹ̀tì kan wọ̀ wò, èyí tó há a níbàdí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, tí Rẹ́gí sì ní ara rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì ń dúró. Ìyá Ìbejì yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó ní kí ọkọ òun bá òun wá.

Àpótí rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó ti dì í. Kò pariwo.

"Bàbá Ìbejì, mo ti bá fọkanáísà sọ̀rọ̀. Ó ní téèpù lẹ fi wọ̀n ọ́n."

"Ríìmù yẹn..."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín ni mo ti ń gbọ́ pé ẹ kì í ṣi nǹkan wọ̀n. Gbogbo ayé lẹ wọ̀n tó ṣe rẹ́gí. Táyà tí yóò gbé mi lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni kò ṣe rẹ́gí. Kí lẹ fẹ́ kí n rò?"

Rẹ́gí fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀. 

"Tí ẹ ò bá fẹ́ kí n lọ, ẹ fẹnu yín sọ ọ́. Mo lè gbà á. Ẹ má fi táyà sọ ọ́ fún mi." Ó yí ojú sí fèrèsé. Omi ti wà lójú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun rí i.

 Rẹ́gí dúró gbagidi sídìí ibùsùn. Ohun méjì ló wà níwájú rẹ̀, kò sí ìkẹta: kó jẹ́ télọ̀ tó ń ṣi nǹkan wọ̀n, tàbí kó jẹ́ ọkọ tó ń fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn. Orúkọ rere tó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ láti ọdún yìí wá ni wọ́n fi ń dá a lẹ́bi. Èkíní dùn ún wọ egungun. Èkejì dẹ́rù bà á. Ó yíjú padà, ó jáde sí ṣọ́ọ̀bù.

Fóònù rẹ̀ wà lára ògiri, ó ń gba iná, okùn rẹ̀ kò sì gùn. Àárín àwọn oníbàárà gan-an ló ti ní láti dúró. Ó pe ilé ìtajà náà, ó sì tẹ ibi tí ohùn yóò ti jáde síta, kí Ìyá Ìbejì lè gbọ́. Pé àwọn tó kù náà yóò gbọ́, ó rántí ìyẹn nígbà tí ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ni ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan wí. "A ń gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ ní ọjà tí ẹ ò rà la gbé wá?"

"Rárá. Mo fẹ́ yí ìdí yẹn padà. Ẹ̀kẹta ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, kó lè wà lákọsílẹ̀."

Tíṣà oníṣirò gbójú sókè. Rẹ́gí wo aṣọ ìkélé. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ hàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣì í wọ̀n."

"Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n, bàbá?"

"Téèpù ni."

"Irú téèpù wo?"

"Téèpù aṣọ. Télọ̀ ni mí."

Ohùn náà ní kó dúró díẹ̀. Orin ló yẹ kó máa gbọ́, àmọ́ ó jọ pé ọmọ náà kò tẹ bọ́tìnnì dáadáa, nítorí ẹ̀rín ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́, ẹ̀rín bí ènìyàn mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ti ń húkọ́. Nígbà tó padà dé, ó ti tún ohùn ṣe.

"Kò sí wàhálà, bàbá. Ẹ kó o wá kó tó di aago márùn-ún, a ó fún yín ní mẹ́tàlá. Ṣé ó dá yín lójú pé mẹ́tàlá ni?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára táyà nìyẹn. Mo ti kà á."

Ó pa fóònù.  Tíṣà oníṣirò ń wo ṣòkòtò ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìwé ìdánwò tí wọ́n jí wò.

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ fún mi pé mo ti rù," ló wí. "Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

Ìyá oníbúrẹ́dì rọra dìde. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fẹnu kan búrẹ́dì, èmi tí mò ń ṣe é. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá májèlé wà nínú ẹ̀."

"Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì," ni Rẹ́gí wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Màá tún un wọ̀n, màá tún un rán, lọ́fẹ̀ẹ́ ni." Òógùn ti bò ó. Ó sì yà á lẹ́nu pé òun ṣì wà lórí ìdúró, pé kò sí ẹni tó dìde lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì tilẹ̀ ti tún jókòó, ó ń béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé kí ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wí.

Ó gbé aṣọ ìkélé sókè, ó wọlé. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

"Mi ò fẹ́ kó o lọ," ló wí. "Látọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé ni mi ò ti fẹ́. Mi ò fẹ́ dá nìkan wà. Àmọ́ ìyẹn ò kan táyà. Mo wọ̀n táyà yẹn kó lè gbé ẹ lọ, kó gbé ẹ bọ̀ láyọ̀ ni. Mo kàn ṣì í wọ̀n. Mo máa ń ṣi nǹkan wọ̀n, Ìyá Ìbejì. Ó ti pẹ́."

Ìyá Ìbejì nu ojú rẹ̀.

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀," ló wí. "Aṣọ tí ẹ rán fún mi nígbà ìgbéyàwó wa, tí kò padé lẹ́yìn. Ṣé ẹ rò pé mo gbà lóòótọ́ pé mo sanra láàárín ọjọ́ Túsìdé sí ọjọ́ Sátidé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, Rẹ́gí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ojú ṣì ń tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó táyà mẹ́rin sínú mọ́tò, méjì ní búùtù, méjì lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n sì rọra ń fi ẹsẹ̀ pípá wọ̀nyẹn lọ sí ilé ìkẹ́rù, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Wọ́n débẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti gbọ́. Gbogbo wọn ló jáde wá kí télọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, fọkanáísà fi irin ti táyà mẹ́tàlá wọ ríìmù, ó la òógùn, ó fẹ́ ẹ, táyà sì dún gbàù bó ṣe di ríìmù mú. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó yẹ mọ́tò wò fẹsẹ̀ ta táyà kan péré, ó buwọ́ lùwé. Àmọ́ Sátidé yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n ṣe di nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn tán, Ìyá Ìbejì wọ mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì láti inú.

"Ẹ wọlé, Bàbá Ìbejì."

"Ibo là ń lọ?"

"Ẹ wọlé ná."

Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi rìn ín. Rẹ́gí, tó ti ń fojú inú rí ìlú náà bí ẹni pé òpin ayé ló wà, kò tíì na ẹsẹ̀ dáadáa tí wọ́n fi dé. Ilé ìwòsàn funfun kékeré ni, àwọn aboyún méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà béèrè orúkọ, ó lọ sínú, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Wọ́n wo yàrá méjèèjì. Rẹ́gí ṣí fèrèsé, ó tì í. Ó tẹ ibùsùn wò. Ó wo ibi tí omi ń gbà jáde.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "O ṣiṣẹ́ fún un. Ó tọ́ sí ẹ."

Ìyá Ìbejì yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti fi ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ọjọ́ Ẹtì ni màá máa wálé," ló wí.

"Mo mọ̀." Rẹ́gí tọ́ka sí títì. "Mo rí ọkọ̀ èrò lójú ọ̀nà. Bí iṣẹ́ ò bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè máa yọjú láàárín ọ̀sẹ̀. Bí kò bá ní dí ẹ lọ́wọ́."

Ìyá Ìbejì tilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lórí òrùka náà. Ó yọ ọ̀kan, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kọjá lọ sídìí mọ́tò. Rẹ́gí fi ọwọ́ bò ó, kò sì fi í sápò títí wọ́n fi délé.